Ẹyẹ Tí Òòyì Ń Kọ́: Kí Ni Gbèsè Ẹni Tí Ó Sé E Mọ́ Àgò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dunni tó. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Inú ilé ni a ti ń gbọ́ ọ kí a tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà bi ara wọn ni ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ ẹyẹ ni àwọn àgbà mú, tí wọn kò mú àgbò tàbí ajá. Àgbò a máa kàn, ajá a sì máa bunijẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ẹyẹ kò ní ìwo, kò ní eyín, kò sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣàánú ọmọ ẹyẹ, kì í ṣe pé ẹ̀rù ni ó bà á. Ìwà rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di aláàánú.

Ṣùgbọ́n igi ṣóńṣó ni òwe náà dá lé, ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ mú lọ́wọ́. Bí ìyà tí ń jẹ ẹyẹ kò bá ti ọwọ́ igi wá ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ ẹni tí ó ni ín, tàbí àìbìkítà rẹ̀, tàbí àrùn tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ fà ni ó gbé ẹyẹ náà ṣubú, ǹjẹ́ ẹni tí ó ni ín jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan? Bí ó bá sì jẹ ẹ́, báwo ni gbèsè náà ti pọ̀ tó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan ní Kubwa. Kubwa wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, ní agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, Abuja. Ilẹ̀ àwọn Gbàgyí ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ibẹ̀ ni olú-ìlú tuntun yóò wà. Nígbà tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn Gbàgyí kúrò níbi tí àárín ìlú yóò wà, wọ́n fún wọn ní ilé ní Kubwa. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìgbò, ilẹ̀ Haúsá àti ibòmíràn ti rọ́ kún ibẹ̀. Ilé fara kan ilé. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ojúlé kan a máa bú sí ojú fèrèsé ojúlé kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ohun ẹlẹ́mìí ní irú ibẹ̀ kò ní àgbàlá. Àgò onírin kan tí a gbé kọ́ sí fáráńdà ni agbára rẹ̀ ká.

Nínú irú àgò bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kékeré kan wà. Budgerigar ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ìbátan odídẹrẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Aṣálẹ̀ Ọsirélíà ni ilé rẹ̀, níbi tí ọ̀wọ́ rẹ̀ ti ń fò kiri láti wá omi àti irúgbìn. Ní 1840 ni onímọ̀ ẹyẹ kan tí ń jẹ́ John Gould kó díẹ̀ lára wọn ní ààyè dé Ìlú Ọba, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti di ẹyẹ inú ilé káàkiri àgbáyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ilé náà jí, ó bá ẹyẹ ní ìsàlẹ̀ àgò. Orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbìyànjú láti gun igi tí ó máa ń bà lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó tàkìtì. Ó dìde, ó ń yí po ní ojú kan bí òkòtó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ.

Ọmọ náà kígbe pe ìyá bàbá rẹ̀: “Ìyá Àgbà, ẹ wá wò ó! Orí rẹ̀ ń yí, kò lè dúró.”

Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó ní, “Ọkọ mi, mo ti rí irú èyí lára adìẹ rí. Lùkúlùkú ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á kí ìyà tó pọ̀ jù fún un, kí ó má sì lọ kó o ran adìẹ àwọn ará ìsàlẹ̀.”

Bàbá ọmọ náà ń múra ibi iṣẹ́. Ó ní, “Màámi, òótọ́ ni ẹ sọ. Owó tí dókítà yóò gbà ju owó tí a fi ra ẹyẹ náà lọ. Mà á ra òmíràn fún un ní ìparí oṣù.”

Ọmọ náà kò dáhùn sí ọ̀rọ̀ òmíràn. Ohun tí ó béèrè ni pé, “Bàbá, ṣé èmi ni mo ṣe é?”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn mẹ́ta yìí sọ, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nínú wọn. Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ àánú àti ààbò, bàbá sọ̀rọ̀ owó, ọmọ sì sọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọmọ, nítorí òun ni ó jinlẹ̀ jù.

Kí a tó lè mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, a ní láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdúróṣánṣán kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò dé, ọ̀nà kékeré mẹ́ta kan wà tí ó tẹ̀ kọdọrọ tí omi sì wà nínú wọn. Bí orí bá yí, omi náà a mì, iṣan a sì gbé ìròyìn náà lọ sí ọpọlọ. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ ni ó ń pa ìròyìn etí pọ̀ mọ́ ti ojú àti ti ẹsẹ̀, kí ara tó mọ bí yóò ti dúró. Bí ó ti rí lára ènìyàn náà ni ó rí lára ẹyẹ. Bí ibì kan bá bàjẹ́ nínú ọ̀nà ìròyìn yìí, orí a wọ́, ẹsẹ̀ a yẹ̀, ara a sì gbàgbé ibi tí ilẹ̀ wà.

Ohun tí ó lè ba ọ̀nà náà jẹ́ kò sì kéré. Ẹyẹ lè ta gìrì ní òru, kí ó fò nínú òkùnkùn, kí ó sì forí gbá irin àgò. Kòkòrò àrùn lè wọ inú etí rẹ̀. Ó lè jẹ òjé lára ọ̀dà àtijọ́, tàbí síǹkì lára wáyà àgò tí kò dára, kí májèlé náà sì wọ iṣan àti ọpọlọ. Oúnjẹ rẹ̀ lè ṣaláìní àwọn fítámì tí iṣan ń lò. Kókó lè yọ ní kíndìnrín, kí ó tẹ iṣan tí ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára irú ẹyẹ yìí gan-an, ó sì ń mú kí ẹsẹ̀ kan rọ. Àrùn lùkúlùkú tí Ìyá Àgbà dárúkọ náà lè mú un. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá lè wọlé. Àmì kan ni ojú rí, ṣùgbọ́n okùnfà rẹ̀ lè jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá jẹ́ dókítà ẹranko kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún ku ohun kan tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ẹyẹ a máa fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Nínú igbó, ẹyẹ tí ó bá fi àárẹ̀ hàn ni àṣá ń gbé, nítorí náà ni ẹ̀dá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti dúró bí alára líle títí agbára rẹ̀ yóò fi pin. Ọjọ́ tí olówó ẹyẹ rí i pé ó ṣubú kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

Ǹjẹ́ ọmọ náà jẹ̀bi? Àìmọ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni àìmọ̀ ẹni tí kò sí bí ó ti lè mọ̀. Èkejì ni àìmọ̀ ẹni tí ó lè béèrè ṣùgbọ́n tí kò béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò bá sì béèrè kò lè di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Ọmọdé tí a ní kí ó máa bu irúgbìn sí agolo ẹyẹ ti ṣe èyí tí a ní kí ó ṣe. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ra àgò láìbéèrè ohun tí ẹyẹ ń jẹ àti ohun tí ń pa á ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ̀rí èyí wà nítòsí wa ju Ọsirélíà lọ. Odídẹrẹ́, ẹyẹ inú igbó tiwa, tí ìkó ìdí rẹ̀ pupa, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú oríkì Ìwó, a máa ṣe irú àìsàn yìí gẹ́gẹ́ nínú àgò. Bí a bá sé e mọ́ pálọ̀ tí oòrùn kì í dé, tí a sì ń fún un ní irúgbìn nìkan, èròjà tí ń mú egungun le yóò dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èròjà yìí kan náà ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá dín kù, odídẹrẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì a sì gbé e ṣubú láti orí igi. Nínú igbó, oòrùn àti èso oríṣiríṣi ni ó fi ń wo ara rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Nínú àgò, kò lè yàn. Èyí ni gbòǹgbò gbèsè náà: ẹni tí ó gba ọ̀nà tí ẹ̀dá fi ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ìtọ́jú náà rù. Adìẹ tí ń jẹ̀ kiri lè sá fún èéfín, ó lè wá òjìji, ó lè wá kòkòrò jẹ. Ẹyẹ àgò kò ní ẹsẹ̀ mìíràn ju ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ lọ.

Bí ìfẹ́ ènìyàn sí ẹyẹ yìí bá sì jẹ́ ìfẹ́ lásán láìsí ìmọ̀, ó lè pa ju ọ̀tá lọ. Ní Ghana, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé láti 1992, odídẹrẹ́ inú igbó ti dín kù níwọ̀n ìdá 90 sí 99 nínú 100, nítorí igi gígé àti nítorí àwọn tí ń mú wọn tà fún àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ ẹyẹ. Ní ọdún 2016 náà ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n sì fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ bàbá ló kàn. Bàbá náà kì í ṣe ìkà. Owó ilé-ìwé ń bẹ níwájú rẹ̀, owó ilé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ó fi owó oògùn ọmọ rẹ̀ wo ẹyẹ kò mọ ìtumọ̀ àánú. Ní 2010, ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó jáde láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa àwọn ọmọdé tí iye wọn ju 400 lọ. Gìrì mú wọn, ọpọlọ wọn sì bàjẹ́. Níwájú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹyẹ kalẹ̀ ní ọjà?

Síbẹ̀, òjé tí ń pa ọmọ ni òjé tí ń pa ẹyẹ. Èéfín tí ń gbé ẹyẹ ṣubú ni èéfín tí ń pa àwọn ẹbí mọ́ ojú oorun nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Bìrìtìkó mọ èyí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ John Scott Haldane dábàá pé kí wọ́n máa gbé ẹyẹ kékeré wọ inú ihò èédú, nítorí bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wéra, ẹyẹ a máa fa afẹ́fẹ́ sínú ju ènìyàn lọ, gáàsì olóró tí kò ní òórùn a sì tètè mú un. Bí ẹyẹ bá ti ta gọ́gọ́ tí ó ṣubú láti orí igi, àwọn awakùsà a sá jáde. Títí di 1986 ni wọ́n fi ń lo ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá tí ó bá sọ pé ẹyẹ lásán ni ó ṣubú kò tíì wo fèrèsé rẹ̀. Kí ó tó ra òmíràn, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó gbé ti àkọ́kọ́ ṣubú, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń mí.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé torí pé ẹyẹ lè ta wá lólobó nìkan ni ó fi níyì, a ti sọ ọ́ di agogo. Agogo kì í jẹ̀rora. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Iye tí a fi ra nǹkan ni ọjà ń sọ. Ọjà kò mọ ìwọ̀n ìrora tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ olówó pọ́ọ́kú àti ẹyẹ olówó iyebíye, bákan náà ni irin àgò ń dun orí wọn. Ẹni tí ó ní òun yóò ra òmíràn ti dáhùn ìbéèrè nípa àgò tí ó ṣófo. Kò tíì dáhùn èyí tí ó kan ẹyẹ tí ó wà nílẹ̀.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè náà kò tilẹ̀ ná owó. Kí a sọ igi ibà rẹ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ó má baà ṣubú láti òkè. Kí a tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí ilẹ̀ àgò. Kí a gbé omi àti oúnjẹ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò tó. Kí a gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ariwo kò sí, tí èéfín kò sì lè dé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko kàn. Ẹni tí kò bá ní owó dókítà lónìí kò di ọ̀daràn. Àmọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ní ní in láéláé, ibi àgò ni ó ti yẹ kí ó fà sẹ́yìn, kì í ṣe ibi àìsàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, òun ni ó sì wúwo jù. Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ láti inú àìmọ̀. Lùkúlùkú ni àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ Newcastle pè, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti rí i ní 1926. Ó di mímọ̀ fún àwọn dókítà ẹranko ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó lè pa gbogbo adìẹ agboolé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá yè nínú wọn lè máa gbé ọrùn wíwọ́ kiri títí ayé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos láti 1924 sì ń ṣe é. Obìnrin tí ó pa adìẹ kan kí ogún má baà kú ti ṣe ìdájọ́ tí ó tọ́ níwọ̀n ìmọ̀ tí ó ní.

Àmọ́ ìdájọ́ tí ó tọ́ fún agbo lè má tọ́ fún ẹyẹ kan ṣoṣo tí a kò tíì mọ àìsàn rẹ̀. Etí tí ó ń dùn ún lè san. Fítámì tí ó dín kù lè padà. Ẹni tí ó bá pa á nítorí àrùn tí kò ṣe ti fi ikú wo orí fífọ́. Ní ti ààbò, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó dé ìdí adìẹ àwọn ará ìsàlẹ̀, títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Bí dókítà bá wá ní kò sí àtúnṣe ńkọ́? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ti lè di òtítọ́, tí ikú wẹ́rẹ́ yóò sì sàn ju ìyà gígùn lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe é bi ara rẹ̀: Ìsinmi ta ni mo ń wá? Bí ó bá jẹ́ ti ẹyẹ, àánú ni. Bí ó bá jẹ́ pé ojú òun ni kò fẹ́ rí i mọ́, tàbí ọwọ́ òun ni iṣẹ́ náà sú, orúkọ àánú ni ó yá lò. Àwọn ẹyẹ mìíràn sì wà tí orí wọn kò padà sípò mọ́, tí wọ́n sì ń jẹun, tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń bá olówó wọn ṣeré lórí igi tí a sọ kalẹ̀. Wíwọ́ orí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ayé ti tán fún ẹ̀dá.

Níbí ni òwe ìbẹ̀rẹ̀ ti padà wá. Ẹnìkan lè sọ pé òun lè fi igi gún ara òun, ṣùgbọ́n báwo ni òun yóò ti fi àìsàn ẹyẹ dán ara òun wò? Ọmọ Yorùbá ti dán an wò rí. Kò sí ẹni tí kò ṣeré òòyì ní kékeré, tí ó na ọwọ́ méjèèjì, tí ó ń yí po títí ilẹ̀ fi gbéra, tí ilé ń sáré kọjá, tí ó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí ó mú un rẹ́rìn-ín ni pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ yóò dúró láìpẹ́. Kí ó wá ronú pé ilẹ̀ kò dúró mọ́. Pé ó di alẹ́, ó di òwúrọ̀, ilé ṣì ń yí. Pé kò lè pe ìyá rẹ̀, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ronú bẹ́ẹ̀ ti gún ara rẹ̀ wò.

Olùkọ́ ni yóò rí ọ̀rọ̀ yìí lò jù. Bó pẹ́ bó yá, ọmọ kan yóò gbé ẹyẹ tí kò lè dúró wọ kíláàsì, yóò sì béèrè pé, “Tíṣà, ṣé èmi ni mo ṣe é?” Bí olùkọ́ bá ní kí ó gbé e sọnù, ó ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan. Bí ó bá sọ fún un pé kò jẹ̀bi, kí ó sì máa lọ, ó ti kọ́ ọ ní òmíràn. Bí ó bá sì bá a sọ igi náà kalẹ̀, tí ó bá a tẹ́ aṣọ, tí ó sì ní kí wọ́n jọ wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ náà yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bi àti gbèsè. Ẹ̀bi ni a ń jẹ nítorí ohun tí a ṣe. Gbèsè a máa wà lọ́rùn ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ju pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn àgò wà.